Káfíńtà Tó Tọrọ Ọgbọ́n Láti Fi Gbẹ̀san

Ọdún mẹ́rin gbáko ni káfíńtà yìí fi bẹ Ọlọ́run pé kó fún òun lọ́gbọ́n. Ẹ̀san ló fẹ́ fi gbà.

Òun àti ọkùnrin kan jọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kan náà. Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo èèyàn ń pe ọkùnrin yìí, torí eyín rẹ̀ kì í sinmi. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, bí ẹ bá sì rí ọ̀kan, ẹ má wulẹ̀ wá èkejì jìnnà.

Nígbà tó yá, wọ́n gba iṣẹ́ àtẹ̀gùn onígi nílé onílé kan. Ibà dá káfíńtà dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, Ẹlẹ́rìn-ín sì dá parí apá òkè. Oṣù kan kò pé tí àtẹ̀gùn náà já mọ́ ìyá tó bí onílé lẹ́sẹ̀, tí itan ìyá arúgbó náà sì kán. Nígbà tí onílé pe àwọn méjèèjì, Ẹlẹ́rìn-ín ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọ̀rẹ́ mi ló kan ibẹ̀. Mo kìlọ̀ fún un, kò gbọ́."

Bí iṣẹ́ ńlá ṣe kúrò lọ́wọ́ káfíńtà nìyẹn. Àga tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ àti ilẹ̀kùn tó ń ké ló kù tí wọ́n ń gbé wá bá a. Àwọn ọmọdé àdúgbò sọ ọ́ ní Bàbá Àtẹ̀gùn-Já. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi Ẹlẹ́rìn-ín ṣe olórí akọrin, káfíńtà sì kó lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Ibẹ̀ ló ti máa ń tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ọrùn ọkùnrin náà títí ìsìn á fi parí.

Lọ́jọ́ kan, oníwàásù ní Ọlọ́run kì í bá ẹni tó bá tọrọ ọgbọ́n wí. Káfíńtà mi orí. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Ohun tí mo ṣaláìní gan-an nìyẹn. Òòlù ń bẹ, agbára ń bẹ, ọgbọ́n tí màá fi mú un ni ò sí." Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ sáàárín èérún pákó nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ń sọ fún Ọlọ́run pé kó fọ̀nà hàn án.

Kò mọ̀wé kà dáadáa. Ló bá lọ bá Ìyá Tíṣà, aládùúgbò rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, pé kí ó kọ́ òun ní kíka Bíbélì. Inú ìyá dùn, àfi ọjọ́ tó ṣí Bíbélì náà wò. Gbogbo ibi tí ọ̀tá ti ṣubú ni káfíńtà ti fi pẹ́ńsù fàlà sí nídìí.

"Ọmọ mi, ṣé Ìwé Mímọ́ lò ń kà ni, àbí ìwé ẹjọ́?"

"Ìyá, ẹ̀san mi ni mò ń wá."

"O ò wá a, ò ń sìn ín ni. Ò ń bọ́ ọ láàárọ̀, ò ń bọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Ó ti sanra jù ọ́ lọ." Ìyá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Máa kà á lọ. Ṣùgbọ́n má fo ojú ewé kankan o."

Kò fò ó. Ohun tó kà sì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún ìyá pé ọkọ òun kì í tètè fèsì mọ́, pé ó máa ń kọ́kọ́ ronú. Àwọn aládùúgbò ń gbé aáwọ̀ wọn wá síwájú rẹ̀, ó sì ń bá wọn parí rẹ̀. Ti Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ni ò ṣeé dá sí. Bí wọ́n bá dárúkọ ọkùnrin náà, àgbọ̀n rẹ̀ á le.

Ní ọdún kẹrin, wọ́n gbé òrùlé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fún Ẹlẹ́rìn-ín ṣe. Káfíńtà ń gbé àga kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kan, ó wòkè. Wọn ò tíì fi páànù bo gbogbo rẹ̀. Ó rí i pé àárín ni wọ́n ti so àwọn igi ìdábùú pọ̀, ìṣó kéékèèké ni wọ́n fi kàn án, wọn ò sì fi igi kankan tì í nídìí. Ìjì kan péré, gbogbo rẹ̀ á wálẹ̀.

Ayọ̀ gbá a mú lójú títì. "Olúwa, ẹ mà gbọ́ o!" Ọmọ tirẹ̀ kankan ò sí nílé ìwé náà. Ó délé, ó jẹun bí ẹni tó ṣoko. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń rò ó: bí ojú Ẹlẹ́rìn-ín ṣe máa wọ́, bó ṣe máa lanu, àti ẹni tó máa wá di ẹ̀bi rù lọ́tẹ̀ yìí.

Ó lọ jẹ́rìí fún Ìyá Tíṣà. Ìyá yọ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ mélòó ló máa wà lábẹ́ ẹ̀ nígbà tí ẹ̀san ẹ bá dé?"

Káfíńtà dìde. Nígbà tí ilé ìwé jáde lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó lọ dúró lẹ́nu géètì, ó ń kà wọ́n. Ó ka mẹ́tàdínláàádọ́rin, wọ́n tú ká mọ́ ọn lójú. Inú bí i sí Ọlọ́run. "Ọgbọ́n tí mo tọrọ fún ọdún mẹ́rin, ṣé èyí náà nìyí?"

Ó kọ́kọ́ fẹ́ lọ bá ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé náà, kí ojú lè ti Ẹlẹ́rìn-ín níwájú gbogbo èèyàn. Ó ti dé ìkóríta kó tó mọ̀ pé ẹ̀san náà ló ṣì wọ ẹ̀wù ọgbọ́n. Ó yíjú padà, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ẹlẹ́rìn-ín.

"Òrùlé tó o ṣe máa wó. Àárín lo ti so igi pọ̀, o ò tì í."

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. "Ìlara ń pa ọ́."

"Má tan ara ẹ jẹ, mi ò tíì dárí jì ọ́. Ká ní ìwọ nìkan ló máa jókòó lábẹ́ ẹ̀, ńṣe ni ǹ bá máa wò ó níran. Tó o bá fẹ́, lọ sọ fún wọn nílé ìwé. Tó bá di àárọ̀ ọ̀la tó ò tíì sọ, èmi á sọ."

Nígbà tí káfíńtà dé ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, Ẹlẹ́rìn-ín ti gbé àkàbà síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìyá ọ̀gá ilé ìwé ti kó àwọn ọmọ sábẹ́ igi. Òjò ò ní pẹ́ dé, ọwọ́ ẹnì kan ò sì lè ká a, làwọn méjèèjì bá jọ tú u. Ọjọ́ mẹ́fà, "gbà," "dì í mú," "ó tó," kò sí ọ̀rọ̀ míì.

Lọ́jọ́ kẹfà, lórí ògiri, Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Àtẹ̀gùn yẹn..."

Òòlù wà lọ́wọ́ káfíńtà. Orí ọkùnrin náà ò jìnnà sí i ju ìwọ̀n apá kan lọ. Ìbínú ọdún mẹ́rin ru gùdù.

"Parí ẹ̀."

"Èmi ni."

"Mo mọ̀. Èmi kọ́ ló yẹ kó o máa sọ fún."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ẹlẹ́rìn-ín lọ sílé ìyá arúgbó náà. Ohun tí wọ́n bára wọn sọ ò jáde, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì onílé fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó ṣí fìlà, ó bẹ̀ ẹ́.

Àwọn méjèèjì ò tíì jọ jẹun. Tí wọ́n bá pàdé, Ẹlẹ́rìn-ín ló ń kọ́kọ́ kí, káfíńtà á sì dáhùn. Lọ́jọ́ míì ó máa ń tètè dáhùn, lọ́jọ́ míì ó máa ń pẹ́.