Páàdì Tí Mo Gbé fún Bàámi

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jọ bẹ̀rẹ̀ géèmù ìjà tuntun yìí." Ọmọbìnrin mi na páàdì sí mi. Òórùn ike gbígbóná ara rẹ̀ gbé mi padà sí yàrá wa l'Ágége nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Bàámi ti iléeṣẹ́ wọn l'Óregùn dé lọ́sàn-án gangan, aṣọ iṣẹ́ wọn nínú ọ̀rá. Mo rò pé ìsinmi ni. Wọ́n bá mi nídìí géèmù ìjà, wọ́n jókòó tì mí.

"Kọ́ mi níjà yìí, jàre."

Mi ò fẹ́ kí wọ́n ba eré mi jẹ́, ni mo bá gbé páàdì tí mi ò so mọ́ ẹ̀rọ fún wọn, bí a ṣe ń fi tan ọmọdé. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń làágùn. "Mo ti nà án!"

Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n rọra ká wáyà páàdì wọn, tí orí rẹ̀ kàn wà nílẹ̀, jọ, wọ́n gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. "O ṣé, olùkọ́ mi."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọjọ́ yẹn niṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ mi ṣì na páàdì sí mi. Mi ò tíì lè gbà á.