Ògì Kòkó ní Madrid

Ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá Yéjídé, Ọjọ́bọ̀ nìkan ló máa ń dùn ún. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bàbá á kó snow kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Savanna, ládùúgbò kan ní Calgary, á tún kó ti aládùúgbò mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Sátidé, á gun àtẹ̀gùn basement lọ, á gùn ún bọ̀, bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ bá ti mọ́, tó tó àsìkò tí àwọn bàbá Yorùbá máa ń pàdé nínú mall tó wà ní Marlborough, orúnkún bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Nọ́ọ̀sì ni Yéjídé ọmọ rẹ̀, ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Sunridge. Ó mọ orúnkún tó ń dunni, ó sì mọ orúnkún tó ń bínú.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ìdànrè ni bàbá ti gbin kòkó fún ogójì ọdún kí ọmọ rẹ̀ tó mú un wá sí Calgary. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ọmọ ìlú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ayọ̀kúnlé, tó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun, wálé, ó sì sọ fún un pé òun dé ìlú òyìnbó kan tí wọ́n ti ń fi kòkó po ògì, tí wọ́n sì ń fi àkàrà mu ún. Bàbá gbà á gbọ́. Láti àádọ́ta ọdún ló ti ń sọ ọ́ káàkiri. Ẹ ti gbọ́ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ṣùgbọ́n òótọ́ tó ti rìn fún àádọ́ta ọdún, tí ẹnikẹ́ni ò ṣílẹ̀kùn fún, ta ló fẹ́ bá a kẹ́dùn?

Ní Ìdànrè, wọ́n kàn ń fi í rẹ́rìn-ín ni. Ní Marlborough, ó kan Bàbá Gbémiga.

Ará Oǹdó ni Bàbá Gbémiga, ọgbọ̀n ọdún gbáko ló sì fi ń yẹ kòkó wò fún ìjọba. Á fi ọ̀bẹ la hóró rẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á sọ èyí tó dára àti èyí tó ti bu. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n lè fi kòkó ṣe láyé tí òun ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí Bàbá Yéjídé mẹ́nu kan ògì yìí, ó bi í níwájú gbogbo wọn bóyá ewé ni àwọn òyìnbó náà fi ń pọ́n ọn, àbí wọ́n ń gbé e kiri nínú agbọ̀n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọmọbìnrin tó ń ta kọfí fi yíjú wò wọ́n. Láti ọjọ́ náà, wọ́n sọ bàbá di Bàbá Ológì. Oṣù méjì ló fi fara da orúkọ náà, kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Èyí tó dun Yéjídé jù ni pé bàbá ò pa ìtàn nínú ilé mọ́. Bí Adéolúwa, ọmọbìnrin Yéjídé, bá ní, "Grandpa, tell me about the farm," bàbá á ní kó lọ wo fóònù rẹ̀. Ó ní irọ́ inú fóònù dára ju tòun lọ.

Ní àkókò yìí náà ni Yéjídé gba passport Canada. Ẹ ò rí nǹkan. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti lò ní Calgary. Ìdánwò nọ́ọ̀sì àti overtime ló jẹ gbogbo ìsinmi rẹ̀. Nísinsìnyí tí ìwé náà dé, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gbé e dání lọ́jọ́ tó lọ ra ata. Suliat, àbúrò rẹ̀ níbi iṣẹ́, tó ti gba tirẹ̀ ṣáájú, gbà á nímọ̀ràn pé kó ra okùn kó gbé e kọ́ ọrùn. Àwọn méjèèjì jọ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Owó tíkẹ́ẹ̀tì Madrid ló kéré jù, kò sì sí ẹni tó máa bèèrè visa lọ́wọ́ wọn. Bó ṣe di Spéènì nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, bàbá gbé àpótí ọmọ rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

"Tí o bá dé ọ̀hún," ó ní, "bá mi wo ohun tí wọ́n ń jẹ. Má bèèrè o. Ṣáà wò ó."

Yéjídé wò ó. Lọ́jọ́ kìíní, búrẹ́dì tí wọ́n fi tòmátì àti òróró pa lójú ló rí. Lọ́jọ́ kejì, kọfí ni, nínú ife tó kéré bí èyí tí wọ́n fi ń wọn oògùn ọmọdé. Lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ ló so rọ̀ lókè orí wọn lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù kan, Suliat sì sáré fo títì sí òdìkejì kí aṣọ orí rẹ̀ má baà kàn án. Ògì ò sí níbì kankan. Yéjídé wá ń bi ara rẹ̀. Ṣé Ayọ̀kúnlé kàn fi bàbá òun ṣeré ni, tí bàbá sì fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé eré náà kiri? Kí lòun fẹ́ lọ sọ fún un?

Suliat ní kò le rárá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn sọ pé ẹ rí i. Ta ló fẹ́ wọ bàálù wá yẹ̀ ẹ́ wò?"

Yéjídé ní òun ò lè purọ́ fún bàbá òun. Suliat ní kó má ṣèyọnu, òun á bá a pa irọ́ náà, ìdajì-ìdajì.

Lọ́jọ́ kẹrin, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òjò lé wọn wọ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kún fún àwọn ìyá àgbà tó múra dáadáa, tí òórùn òróró gbígbóná gba inú rẹ̀ kan. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, chocolate nìkan ni wọ́n lè kà, ni wọ́n bá ní kí wọ́n gbé e wá.

Ife méjì dé, pẹ̀lú àwo ìyẹ̀fun díndín gígùn tí wọ́n ń pè ní churros. Yéjídé wo inú ife. Ohun tó wà níbẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó ki débi pé ṣíbí dúró ṣánṣán nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fi kòkó mímu inú agolo tọ́ dàgbà ni, nítorí náà ó gbà pé wọ́n gbàgbé láti bu omi sí i. Ó fọwọ́ ṣàpèjúwe pé kí wọ́n bá òun mú omi gbígbóná wá, pẹ̀lú mílíìkì àti ṣúgà.

Bàbá arúgbó tó ni ṣọ́ọ̀bù jáde wá fúnra rẹ̀. Ó wo Yéjídé bí ẹni tó ní kí wọ́n fún òun ní ọṣẹ. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀kan nínú nǹkan díndín náà, ó fi hàn án bó ṣe máa tì í bọ inú ife, ó sì nawọ́ sí ẹnu rẹ̀.

Yéjídé tì í bọ̀ ọ́. Ó gé e jẹ. Èyí díndín náà ń dún kàrà-kàrà, iyọ̀ wà lára rẹ̀. Kòkó gbígbóná náà sì bo gbogbo ẹnu rẹ̀, ó dùn, ó tún korò díẹ̀. Ahọ́n ti dá a mọ̀ kí orí tó dé ibẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ní Ìdànrè ni, abọ́ ń rú èéfín, ọwọ́ ọ̀tún di àkàrà mú. Kò mọ ìgbà tó dìde dúró.

"Suliat," ó ní, "ògì ni."

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ń wò yín."

"Ògì àti àkàrà ni. Bàbá mi ò purọ́."

Suliat gbé fóònù jáde kó lè bá wọn túmọ̀ èdè, wọ́n sì bi arúgbó náà ohun tó mú un ki bẹ́ẹ̀. Ó gbé páálí rẹ̀ wá. Fóònù kà á: kòkó, ṣúgà, àti ìyẹ̀fun àgbàdo. Yéjídé ní kó tún un kà. Ó ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n wá pe àwo kejì, wọ́n pe ìkẹta, kòkó sì yí Yéjídé lẹ́nu títí dé àgbọ̀n, Suliat ń ya fọ́tò rẹ̀, kò sọ fún un. Páálí mẹ́jọ ni wọ́n rà. Bàtà Suliat ló kúrò nínú àpótí kí páálí lè rọ́nà wọlé.

Alẹ́ Ọjọ́rú ni wọ́n dé. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, orúnkún bàbá ti bẹ̀rẹ̀. Yéjídé ò bá a jiyàn. Ó wọ kíṣìnì, ó lọ ẹ̀wà, ó dín àkàrà, ó po kòkó náà títí ó fi ki. Òórùn rẹ̀ fa bàbá jáde láti basement. Yéjídé gbé e síwájú rẹ̀, ó gbé páálí tì í, ó sì ròyìn ohun tójú rẹ̀ rí.

Bàbá ti àkàrà bọ̀ ọ́, ó jẹ ẹ́. Ó tún ti òmíràn bọ̀ ọ́. Ó fi èyí tó kù nu inú abọ́ mọ́.

"Bọ́ọ̀sì tó ń gbéni lọ sí ìdí train," ó ní nígbà tó yá, "aago mélòó ló ń kọjá?"

Bàbá Gbémiga ló kọ́kọ́ rí bàbá àti Yéjídé bí wọ́n ṣe wọlé sí mall. Ó bèèrè bóyá ògì ti jinná. Bàbá Yéjídé gbé fúláàsì tí wọ́n rọ kòkó sí ka orí tábìlì, ó bu ife kan fún un, ó gbé àkàrà àti páálí tì í.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu àwọn tó kù. Bàbá Gbémiga gbóòórùn ife náà lọ́tùn-ún, ó gbóòórùn rẹ̀ lósì, bí ẹni tó wà níwájú àpò kòkó. Ó wọ awò ojú, ó ka páálí. Ó dé ibi àgbàdo, ó bọ́ awò ojú. Ó wá ti àkàrà bọ̀ ọ́, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ọgbọ̀n ọdún," Bàbá Gbémiga sọ, "ni mo fi ń gbóòórùn ẹ̀ nínú àpò. Ẹnikẹ́ni ò bù ú fún mi rí." Ó tún ti àkàrà bọ ife. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ògì ni."

"Mu ún, àbúrò mi," bàbá ní. "Ó ń tutù."

Ni gbogbo wọn bá nawọ́ sí fúláàsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè ẹni tí Ayọ̀kúnlé yìí tiẹ̀ jẹ́ gan-an, bàbá sì sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì. Nígbà tí Yéjídé dìde kó lè lọ síbi iṣẹ́, Ayọ̀kúnlé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọkọ̀ ní Èkó ni, Bàbá Gbémiga sì ń bá àwọn tó kù wí pé kí wọ́n rọra máa jẹnu, òun ò gbọ́ ìtàn.