Ilẹ̀kùn Tí A Kì Í Tì

Ní àdúgbò Súbúrà ní ìlú Róòmù, bí o bá béèrè ilé Ofílíà tó ń ran òwú, ọmọdé á tọ́ka ibẹ̀ fún ọ, àgbà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Wọ́n á ní, "Ṣé Ofílíà ẹlẹ́rù lò ń wá?" Irọ́ kọ́, obìnrin náà lẹ́rù. Ó ń bẹ̀rù iná, ó ń bẹ̀rù odò Tíbérì bó bá kún, ó ń bẹ̀rù kí ilé alájà gíga tó ń gbé má lọ wó lé e lórí. Àmọ́ àwọn tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ yẹn, ọjọ́ tí ẹ̀rù náà wọ̀ ọ́ lára, fèrèsé ni wọ́n tì. Ẹ jẹ́ ká má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Òun àti àbúrò rẹ̀ Séfíù nìkan ni ìyá wọn fi sáyé lọ. Òwú ríran ni Ofílíà fi tọ́ ọmọ náà títí ó fi di géńdé, tó ń rán bàtà fún ará àdúgbò. Ọwọ́ Séfíù mọ́ púpọ̀. Bó bá rán bàtà fún ọ, o ò ní mọ ibi tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé.

Lọ́dún náà, ogun kan ń lọ lókè òkun, ní ilẹ̀ Híspánì, tó ń gbé ọmọ ènìyàn mì. Àwọn tó lọ kì í sábà bọ̀. Kọ́ńsùlù, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ìlú ń fi ṣe olórí fún ọdún kan, jókòó sórí òkè Kápítólì, wọ́n ń pe orúkọ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó máa kó lọ. Wọ́n pe Séfíù, Séfíù ò dáhùn. Kò sá o. Ibà ló dá a dùbúlẹ̀, ó ń gbọ̀n lórí ẹní, Ofílíà ń fi aṣọ tútù nù ún lójú. Ṣùgbọ́n òfin ò bi ibà léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè tí kò jẹ́, wọ́n á nà án, wọ́n á sì tà á lẹ́rú.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn onípàṣán kọ́ńsùlù dé. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn tó ń gbé ìdì pàṣán lé èjìká níwájú olórí, tí gbogbo èèyàn ń yà fún. Wọ́n gbé Séfíù nílẹ̀ bí ẹní gbé ẹrù; àwọn aládùúgbò sì ti fèrèsé wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ara rẹ̀ ò yá!"

Olórí wọn, ọkùnrin kan tó sanra lọ́rùn, ò tilẹ̀ wò ó. "Ìyá, yà lọ́nà. Bí ara rẹ̀ ò bá yá, a ní oògùn lọ́wọ́." Ó gbọn pàṣán.

"Níbo lẹ ń mú un lọ?"

"Àgọ́. Ọ̀nà Ápíà."

Kò sí mẹ̀kúnnù kan ní Róòmù tí kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Láàárín ìlú, títí dé òkúta máìlì àkọ́kọ́ tí wọ́n rì sí ẹ̀bá ọ̀nà, mẹ̀kúnnù ní alágbàwí. Àwa mẹ̀kúnnù la ń fi wọ́n jẹ lọ́dọọdún. Bí alágbàwí bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹnì kan, tó ní "mo kọ̀," kọ́ńsùlù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáwọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú ọ kọjá òkúta yẹn, alágbàwí dèèyàn lásán, kọ́ńsùlù di òrìṣà. Òdìkejì òkúta ni àgọ́ wà.

Ibi tí Ofílíà ti ṣe àṣìṣe rèé, àṣìṣe tí gbogbo wa ì bá ṣe. Kò lọ sílé alágbàwí. Ilé Fọ́níù ló sáré lọ, bàbá ìsàlẹ̀ tí ìdílé wọn ti ń kí láràárọ̀ láti ayé bàbá rẹ̀. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìlú ni Fọ́níù. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ni pé, bí nǹkan bá ṣe ọ́, ọ̀dọ̀ bàbá ìsàlẹ̀ rẹ ni kí o lọ, torí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àgbà wà nílé lóòótọ́. Ilẹ̀kùn ló tì. Ofílíà fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú títí Dámà, ẹrú tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, fi yọ imú síta.

"Ìkíni ti parí, Ofílíà. Ó dọ̀la."

"Wọ́n ti mú Séfíù! Bá mi sọ fún bàbá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí wọ́n ránṣẹ́ sí kọ́ńsùlù."

"Bàbá ti gbọ́ ohùn rẹ. Wọ́n ní àwọn ò sí nílé." Dámà wẹ̀yìn, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ wọn wà lára àwọn ọ̀gá ogun yẹn, kọ́ńsùlù ló gbé e síbẹ̀. Ṣé wọ́n á wá tìtorí aránbàtà ba iṣẹ́ ọmọ wọn jẹ́ ni? Gbọ́, ẹrú lásán ni mí, mi ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni mo ní àbúrò, mi ò ní dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń tì."

Ó sì tì í.

Ẹ̀rù wá ba Ofílíà débi pé kò rí iwájú rẹ̀ mọ́. Àkókò tó fi ṣòfò yẹn, Séfíù ló fi ń lọ. Ó sáré gba àárín ọjà, ó kọlu ẹlẹ́ja, wọ́n bú u, kò gbọ́. Gbogbo ohun tó ń rò ni òkúta.

Ilẹ̀kùn Fẹtídíù alágbàwí ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí òfin ṣe wí nìyẹn: alágbàwí kì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀sán, ì báà jẹ́ òru. Adìyẹ aládùúgbò ń jẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí, onígbàjámọ̀ ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó ti fá apá kan tán.

"Bàbá, ẹ gbà mí! Wọ́n ń mú àbúrò mi lọ sí ọ̀nà Ápíà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó... ó ti pẹ́ díẹ̀. Ilé Fọ́níù ni mo kọ́kọ́ yà sí."

Onígbàjámọ̀ pòṣé. Fẹtídíù dìde, ó nu ojú. "Bí mo bá ránṣẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n á fi ìránṣẹ́ mi rín. Ara mi ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí. Ó yá."

"Ẹ jẹ́ n fá apá kejì, alàgbà!"

"Fi sílẹ̀!"

Bí wọ́n ṣe jáde nìyẹn, ọkùnrin onírùngbọ̀n àbọ̀ níwájú, obìnrin tó ń sunkún lẹ́yìn. Àwọn ọ̀lẹ tó ń ta ayò lójú ọ̀nà pariwo, "Alágbàwí, apá wo la ó dìbò fún, èyí tó dán ni àbí èyí tó hu?" Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Fẹtídíù sanra, kò lè sáré púpọ̀, Ofílíà sì fẹ́ fi ọwọ́ tì í, ṣùgbọ́n kò tó bẹ́ẹ̀. Èèwọ̀ ni ara alágbàwí. Ẹni tó bá fi tipátipá fọwọ́ kàn án, òrìṣà ló ni orí onítọ̀hún. Ẹnikẹ́ni lè pa á, kò sí ẹjọ́.

Wọ́n dé ẹnubodè Kápénà, níbi tí omi kì í yé kán sílẹ̀ láti òrùlé rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn tó mú Séfíù lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn onípàṣán ti so àáké mọ́ ìdì pàṣán wọn, bí wọ́n ti máa ń ṣe tí wọ́n bá jáde nílùú. Oòrùn ń dán lára irin náà. Níwájú wọn ni òkúta funfun wà.

Fẹtídíù dúró.

"Bàbá, ẹ má dúró!"

"Oṣù yìí ni àṣẹ mi ń tán, arábìnrin." Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, apá tó ní irùngbọ̀n àti apá tí kò ní. "Tó bá tán, èmi náà dà bí ìwọ. Kọ́ńsùlù kì í gbàgbé ojú ènìyàn."

Ẹ̀rù ń ba alágbàwí! Ofílíà ò mọ̀ rí pé irú ẹ̀rù tirẹ̀ lè wà lára irú wọn. Ó wo àáké, ó wo òkúta, ó sì rántí orí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ mọ́ ọrùn ọwọ́ ẹni èèwọ̀ náà, tó sì wọ́ ọ. Ó wọ́ ọ bí ẹni wọ́ màlúù kúrò lóko olóko. Ó ń sunkún, ó ń wárìrì, ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Séfíù ti rí wọn. Bí àwọn onípàṣán ṣe ń wọ́ ọ kọjá lára òkúta, ó dojú bolẹ̀, ó yí padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá òkúta náà mú. Ara rẹ̀ ti kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjá, àwọn ìka rẹ̀ nìkan ló wà ní Róòmù. Onípàṣán ọlọ́rùn sísanra ń fi ìdí igi lu àwọn ìka náà. Ofílíà gbọ́ ìró rẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀.

"Mo kọ̀!" Fẹtídíù kígbe, èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀.

"O ti pẹ́, alágbàwí. Wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà."

Fẹtídíù ò jiyàn. Ó kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé ọwọ́ Séfíù lórí. "Ó dáa. Máa nà án lọ."

Igi náà wà lókè. Onípàṣán wo ọwọ́ tó bo ọwọ́. Ó rọra sọ igi kalẹ̀. Ojú rẹ̀ wá yí sí Ofílíà.

"Obìnrin yẹn fipá wọ́ ọ láti ẹnubodè. Gbogbo wa la rí i."

Ofílíà jókòó sílẹ̀.

"Ojú ń ṣe ọ́," ni Fẹtídíù wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Èmi ni mo ní kó fà mí. Ṣé o ò rí bí mo ṣe sanra ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni Séfíù ṣe bọ̀ sílé. Ìka mẹ́ta ò nà mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé. Bàtà tó ń rán lẹ́yìn náà, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ nìkan ló ń rà á.

Nígbà tó yá, Ofílíà ran òwú tó dára jù lọ tó ní, ó gbé e lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Fẹtídíù. Ilẹ̀kùn tì. Àṣẹ rẹ̀ ti tán, ó ti dèèyàn lásán. Láti inú, ohùn tó mọ̀ dáadáa béèrè pé, "Ta nìyẹn o?" Ẹ̀rù wà nínú ohùn náà. Ofílíà dúró níwájú pákó yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé kọ́ńsùlù tuntun ti wọlé, ó sì tún lè pe orúkọ. Ó gbé òwú kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé tó ṣí sílẹ̀ lọ́dún náà.

Ọdọọdún ló ń wá a títí ó fi darúgbó. Bí wọ́n bá ti yan alágbàwí tuntun, Ofílíà á rìn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà tiwọn, á wo ilẹ̀kùn wọn bóyá ó ṣí, á sì padà sílé. Ohun tí ará àdúgbò fi ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. Nígbà tí Séfíù bí ọmọbìnrin, òun ni Ofílíà máa ń fà lọ́wọ́. Ọmọ náà ò tíì mọ òwú ran, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà ilé alágbàwí, tó bá dijú pàápàá, á sáré débẹ̀, kò sì ní yà sílé Fọ́níù.