Àpò Ọkà Bàbá Fúngbẹ

Ọkọ mi kò lè rí ohun tí omi wà lára rẹ̀ kó má fún un. Kì í ṣe pé mo ń bú u o. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló sì fi ń fún gbogbo aṣọ, títí kan kúbùsù tó wúwo bí àgbàlagbà. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Fúngbẹ, nítorí pé aṣọ tó bá ti fún, oòrùn kàn ń wá kí i lórí okùn ni, iṣẹ́ ti tán. Nínú ilé, kànrìnkàn tí mo fi ń fọ abọ́, tó bá fún un tán, ẹ lè fi dáná. Ọṣẹ ìfọyín, ó máa ń ká ìdí rẹ̀ bí ẹni ká ẹní. Ọsàn tó bá mu, ẹ má wulẹ̀ wo èèpo rẹ̀, àánú á ṣe yín.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ wa obìnrin tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́ta. Ẹ̀rọ ń fọ aṣọ, ẹ̀rọ ń ṣàn án, ẹ̀rọ náà ló tún ń fún un. Lílọ aṣọ nìkan ló kù fún bàbá. Bó bá délé, á jókòó, á máa fún etí ẹ̀wù ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbígbẹ ni. Mo ń wò ó.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bíà ti wọlé. Oníbàárà kan tó ń pọn bíà nínú ilé rẹ̀ ló júwe rẹ̀ fún un. Wọ́n á da ọkà tí wọ́n ti mú hù, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì fọ́, sínú àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á rì í sínú omi gbígbóná bíi wákàtí kan kí adùn ọkà lè jáde sínú omi, wọ́n á wá gbé àpò náà kúrò. Omi dídùn yẹn ni wọ́n á sè, bó bá tutù wọ́n á fi yíìsì sí i, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó di bíà. Ìgbà tí ọkọ mi gbọ́ pé àpò kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí omi ń kán lára rẹ̀, ojú rẹ̀ là. Lọ́jọ́ kejì ló rán àpò tirẹ̀, ìránsọ ìlọ́po méjì, ó dára ju ìrọ̀rí tí mo fi ń sùn lọ. Ó tún gba ìkòkò ńlá mi.

Ti àkọ́kọ́, a mu ún, a wo ara wa. Nǹkan kan ń yọ̀ lẹ́nu, ó sì korò lọ́nà tí bíà kì í gbà korò. Ìkejì tún wá burú sí i. Mo bá là á mọ́lẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ìkẹta ló kù tí mo gbà. Bí a ò bá rí i mu, ìkòkò mi á padà sọ́dọ̀ mi, ẹ ó sì máa ra bíà bí ọkọ ẹlòmíràn."

Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ọkàn mi gbọgbẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò mi ni.

Wàyí o, mo ní àbúrò ọkùnrin kan tí a ń pè ní Mo-kà-á. Ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé ló ń ṣọ́, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé òun ló kọ gbogbo ìwé inú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń wá sọ́dọ̀ wa.

Ó sọ fún ọkọ mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, fífún tí ẹ ń fún àpò yẹn ló ń bà á jẹ́. Mo kà á. Ìkorò ara èèpo ọkà ni ẹ ń fún sínú bíà. Ẹ gbé àpò sókè jẹ́ẹ́jẹ́, kí ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án, ó parí."

Ọkọ mi ní, "Ẹni tó kọ ọ́, ṣé ó ti fún aṣọ rí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọkà kì í ṣe ṣòkòtò."

"Adùn wà nínú àpò, o ní kí n má fún un. O tún ní kí n da omi lásán lé e, kó lè tẹ́ lẹ́nu bí omi òjò. Àbúrò, máa ṣọ́ ilẹ̀kùn rẹ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó débi pé bí wọ́n bá kí ara wọn tán, ohun tó máa tẹ̀ lé e ni "fún" tàbí "ṣàn".

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí òun àti Mo-kà-á fẹ́ pọn ìkẹta, ọkọ mi mú àpò rẹ̀ jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e sórí tábìlì. Àpò náà dá dúró. Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí àpò aṣọ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ tó ń nàró bí sójà. Mo gbé e sí imú, ó ń ta sánsán bí ìyàwó tuntun.

"Bàbá, kí lẹ fi fọ àpò yìí?"

"Kí ni mo fi ń fọ aṣọ? Ọṣẹ ni. Mo fi búlùú díẹ̀ sí i, kó funfun. Mo wá fi sítáàṣì sí i, mo lọ̀ ọ́."

"Òórùn yìí ńkọ́?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Lọ́fínńdà ti àwọn oníbàárà pàtàkì ni. Ìdérí kan péré."

Mo-kà-á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Èyí, mi ò kà á níbì kankan."

Èmi ni mo fọ àpò náà. Omi gbígbóná lásán, ẹ̀ẹ̀mẹfà, kí ìfófòó tó tán lára rẹ̀. Mo wá dá ẹjọ́ wọn: kí àbúrò mi da omi kẹ́tùrù kan ṣoṣo lé e, kí ọkọ mi fún un lẹ́yìn náà, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkà lo wákàtí rẹ̀ tán nínú omi gbígbóná, tí wọ́n gbé àpò sókè, Mo-kà-á ṣàn án. Ọkọ mi ká apá ẹ̀wù, ó lọ́ ọrùn àpò náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Ooru ń rú lójú rẹ̀, ó ń kọrin lábẹ́nu. Orin ìfọṣọ rẹ̀ ni; ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ pé, bíà náà dùn. Mo mu ife méjì, mo gbà pé kí ìkòkò mi máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo-kà-á ní ṣíṣàn ló ṣe é. Ọkọ mi ní fífún ni. Mo jẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ.

Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe: alágbàfọ̀ kò gbọdọ̀ fọ àpò ọkà. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́, èmi ni mò ń sá a. Lánàá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í kọ́ okùn tán ni mo rí bàbá lẹ́yìn mi. Ó fọwọ́ kan ìdí àpò náà.

Ó ní, "Ìyá ilé, omi ṣì wà nínú rẹ̀ o."

Mo tú u kúrò lórí okùn, mo nà án sí i. "Ẹ gbà, ẹ fún un."