Ìràwọ̀ Tí Onífọ́tò Fi Abẹ Ha Dànù

Òórùn omi tí wọ́n fi ń fọ fíìmù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ó kan bí ògì tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò, òun ló sì máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ní Súrùlérè tí à ń gbé, láàárín àwọn ọdún 1970 wọ̀nyẹn tí mo wà ní kíláàsì àṣekágbá ní yunifásítì. Ó ti pẹ́, mo mọ̀. Síbẹ̀, títí di òní, ògì kíkan lásán lè ba inú mi jẹ́. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ, kí ìwọ náà dá a lẹ́jọ́.

Olùkọ́ wa ní físíìsì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo ní ìràwọ̀ ni màá yà fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, ó sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo kíláàsì: "Ìràwọ̀ wo ló wà ní Súrùlérè? Àbí iná fákítọ̀rì Ìlúpéjú lo fẹ́ yà?" Mo ní kó dúró dè mí di ọjọ́ Ajé. Mo yá kámẹ́rà ẹ̀gbọ́n mi, tó ń múra ìrìn àjò. Mo ra fíìmù irinwó, èyí tó ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà ní Yábàá. Mo dojú odó ìyá mi délẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, mo gbé kámẹ́rà lé e. Tí mo bá ṣí ojú ẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdì márùn-ún, fíìmù ò ní rí nǹkan kan. Tí mo bá fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ayé tó ń yí á ti fa ìràwọ̀ gùn bí abẹ́rẹ́, iná Ìlúpéjú á sì ti sọ ojú ọ̀run di ẹ̀kọ funfun. Nǹkan bí ogún sẹ́kọ́ńdì ni ààlà ẹ̀. Mo ya gbogbo fíìmù náà tán lóru, mo gbé e lọ fún onífọ́tò. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, ẹyọ kan péré nínú mẹ́rìndínlógójì ló dára. Mo fi awò wò ó. Gbogbo ìràwọ̀ pé síbẹ̀, tóótòòtó dúdú, torí pé dúdú ni funfun máa ń jẹ́ lára nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti fọ̀. Mo sàmì sí i, mo kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn àpòòwé tí wọ́n kó o sí, mo ní kí wọ́n bá mi tẹ ẹyọ yẹn kó tóbi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, kí n tó wọ ṣọ́ọ̀bù ni onífọ́tò náà ti ń pariwo. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò sì sí ẹni tó ń ya ìyàwó tuntun tó o ládùúgbò.

"Purofẹ́sọ̀! Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àgbà!"

Fọ́tò náà dúdú, ó ń dán bíi bàtà ọlọ́pàá. Kò sí nǹkan kan lójú ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ìràwọ̀ dà?"

"Ìràwọ̀ kẹ̀? Ṣé eruku wínníwínní yẹn? Láti àárọ̀ àná ni mo ti ń fi abẹ ha á lára nẹ́gátíìfù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi. Ìyàwó wo ni mo yà rí tẹ́ ẹ rí irorẹ́ lójú ẹ̀? Èènì ni mo fi ìyẹn ṣe o!"

Mo bú jáde. Mo ní kò bi mí kó tó fọwọ́ kàn án. Mo ní lára bébà ló yẹ kó ti tún un ṣe, níbi tí a ti lè tẹ òmíràn, kì í ṣe lára nẹ́gátíìfù tí kò ní èkejì. Mo ní eruku wo ló ń tò kalẹ̀ báyẹn? Ó jẹ́ kí n rojọ́ tán. Ó wá na àpòòwé sí mi.

"Ẹ kà á sí mi létí, ọ̀mọ̀wé."

Mo kà á: fíìmù irinwó, ogún sẹ́kọ́ńdì, lẹ́ńsì ṣí pátápátá, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó tóbi, kó mọ́ dáadáa.

"Níbo lẹ kọ ìràwọ̀ sí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé kámẹ́rà ẹ̀ lọ. Ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run. Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ wa gbé fọ́tò náà sókè, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ó jọ Súrùlérè lóòótọ́," ló wí. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Mo ṣì ń bínú sí onífọ́tò yẹn. Abẹ ẹ̀ kò ní àforíjì lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n àpòòwé náà ṣì wà nínú àpótí mi, mo sì máa ń yọ ọ́ wò: ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, iye gbogbo pé, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, ìràwọ̀. Kì bá tí gbà mí ju sẹ́kọ́ńdì méjì lọ.