Ọkọ̀ Oníṣéènì Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Edwige

Láti ìgbà tí Edwige Garandeau ti lé lọ́mọ ogún ọdún ni kò ti gun kẹ̀kẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo etí odò Sèvre nílẹ̀ Faransé, kò sí ẹni tí kẹ̀kẹ́ tíì sú tó o.

Ilé rẹ̀ nìkan ló wà níbi tí ọ̀nà ti já sí omi. Omi ọ̀hún kò fẹ̀, ẹni tó bá mọ òkò jù á jù ú kọjá. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí kò sì ní awakọ̀. Wọ́n so ṣéènì mọ́ ọn níwájú, wọ́n so òmíràn mọ́ ọn lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan dé etí omi kan, ẹni tó bá fẹ́ sọdá á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Nígbà tí Lucien ọkọ rẹ̀ wà láyé, àgbẹ̀ márùn-ún àti ọmọ màlúù wọn ló ń lo ọkọ̀ náà, Edwige sì mọ àwọn màlúù yẹn lórúkọ. Ó di ọdún kẹjọ báyìí tí àwọn ìjọba agbègbè fa ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gba etí odò, ọ̀nà tí mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ gbà, títí dé etí òkun. Bí ọkọ̀ ọmọ màlúù ṣe di ọkọ̀ àwọn onígbafẹ́ nìyẹn.

Láti oṣù karùn-ún títí di ìparí oṣù kẹsàn-án, obìnrin yìí kì í gbádùn. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ṣéènì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í han goorogo. Wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ ti ọgbà rẹ̀, ẹ̀wà funfun tó fi igi gbé dúró á sì wó lulẹ̀. Wọ́n á bi í bóyá omi ibẹ̀ ti máa ń ní àwọ̀ ewé bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Wọ́n á bi í níbi tí àwọn ti lè tọ̀. Èyí tó ń bí i nínú jù ni pé bí wọ́n bá bá ọkọ̀ ní òdìkejì, wọn kì í fa ṣéènì tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n á kàn dúró, wọ́n á máa wo ojú fèrèsé rẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó lẹ máa gbé wa kọjá?” Ọkùnrin kan ló bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀.

“Kí n gbé yín kọjá? Ṣé mo jọ ọkọ̀ lójú yín ni?”

“Ẹ má bínú, mà. A rò pé ẹ̀yin lẹ ń ṣiṣẹ́ níbí.”

“Mò ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀wà ni mò ń bó. Ṣéènì wà lẹ́sẹ̀ yín, ọwọ́ méjì sì wà lára yín.”

Roland Pelletreau, aládùúgbò rẹ̀ tó ń sin màlúù tẹ́lẹ̀, gbà á nímọ̀ràn pé kó gbé tábìlì síta, kó máa ta kọfí. Edwige ní òun ti se oúnjẹ fún ogójì ọmọ nílé ìwé abúlé lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, òun ti fọ abọ́ wọn, òun sì ti nu imú wọn. Ohun tó kù tí òun fẹ́ láyé ni kí ẹnikẹ́ni má béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òun.

Ọ̀kan nínú àwọn ogójì ọmọ yẹn ni Nadège Bouhier, tó ti di alága ìlú wa. Edwige lọ bá a ní ọ́fíìsì. Nadège ṣàlàyé fún un pé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni kò jẹ́ kí ilé búrẹ́dì wa kógbá sílé, ó sì ṣèlérí pátákó tí yóò kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fa ọkọ̀. Ọdún kan kọjá, pátákó kò dé. Ni Edwige bá yọ ilẹ̀kùn àtijọ́ kan ní ilé ìkẹ́rùsí Lucien, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ỌKỌ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÈMI. Ẹ FÀ Á FÚNRA YÍN. ILÉ ÌTỌ̀ WÀ NÍLÉ YÍN.

Ìyẹn ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn onígbafẹ́ kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò náà sì tàn kálẹ̀. Kò pé oṣù kan tí àwọn èèyàn fi ń wá torí ilẹ̀kùn yẹn nìkan. Obìnrin kan tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà, kó káwọ́ gbera, kó ṣe bí ẹni tí inú ń bí. Edwige ní inú ń bí òun lóòótọ́. Obìnrin náà ní ó dára bẹ́ẹ̀, kó ṣáà má rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà gan-an ló fi àáké la ilẹ̀kùn náà sínú ààrò.

Ní oṣù keje ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí i pé pákó inú ọkọ̀ ti jẹrà, wọ́n sì gbé e lọ fún àtúnṣe ọ̀sẹ̀ méje. Edwige sun oorun fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn oníkẹ̀kẹ́ tún dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà ti gbé pátákó tó ní ọ̀nà ti dí kalẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà Edwige gan-an ni wọ́n rì í mọ́, létí omi. Oríta tí èèyàn ti lè yà gba orí afárá wà ní kìlómítà mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Gbogbo ẹni tó bá dé á ka pátákó, á wo omi, lẹ́yìn náà á kọjú sí ilé rẹ̀.

Tọkọtaya arúgbó ló kọ́kọ́ dé. Orúnkún ìyàwó ti wú, oòrùn sì mú. Edwige wo obìnrin náà títí, ó gbin, ó wá lọ tú ọkọ̀ ojú omi kékeré tí Lucien fi sílẹ̀, ó fi ọ̀pá tì í. Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ gbé sọdá, ó padà wá gbé àwọn tó ni ín. Nígbà tó máa fi yíjú, àwọn mọ́kànlá ti tò sẹ́yìn, wọ́n ti mú ìlà. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló gbé kọjá lọ́jọ́ yẹn. Apá rẹ̀ kò ṣeé gbé mọ́ nígbà tó pe Nadège.

“Nadège, ta ló gbé pátákó yẹn síbẹ̀?”

“Àwọn òṣìṣẹ́ agbègbè ni, Màmá Edwige. Kì í ṣe àwa.”

“Ibi tí ọ̀nà ti parí ni wọ́n gbé e sí. Àǹfààní wo ló ń ṣe níbẹ̀?”

“Mo ti kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní àwọn á wá wò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.”

“Ó dáa, alága ìlú. Ẹ ṣeun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.”

Nadège sọ fún wa lẹ́yìn náà pé “yín” yẹn kò jẹ́ kí òun sùn. Láti kékeré, Edwige kò fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, Edwige hú pátákó náà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kó lè gbé e lọ sí oríta. Kò mọ mọ́tò wà, wọ́n sì ti ní kí Roland má wakọ̀ mọ́ látìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un. Kẹ̀kẹ́ Lucien nìkan ló kù. Roland fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà rẹ̀, ó fi okùn de pátákó mọ́ ẹ̀yìn Edwige, ó wá di ìjókòó mú.

“Ṣé o ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń gùn ún?”

“Mo rántí. Ohun tí mi ò rántí ni ìdí tí èèyàn fi ń gùn ún. Fi mí sílẹ̀.”

Kẹ̀kẹ́ náà yà síbí yà sọ́hùn-ún díẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń sọ fún pé kò sí ọkọ̀ níwájú, kí wọ́n padà. Wọ́n ń padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń tò sí. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọjá arúgbó tó gbé pátákó ìjọba sẹ́yìn. Kó tó dé kìlómítà karùn-ún, mẹ́rìnlá ni wọ́n, wọ́n tò gbọọrọ, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ pé ibi yìí mà tutù o, pé ẹ wo ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ibo la ti máa jẹun ọ̀sán?”

Edwige kò wò ó. “Èmi á jẹ tèmi nílé. Mi ò mọ̀ nípa tiyín.”

“Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń mú wa lọ ni?”

Edwige ń tẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó dé oríta, ó fi wáyà de pátákó mọ́ òpó, ó na ọwọ́ sí ọ̀nà afárá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní inú bí òun débi pé omi bọ́ lójú òun. Wọ́n lọ tán, ó jókòó sórí òkúta, ó jẹ búrẹ́dì alááyù tí Roland tì sínú àpò rẹ̀.

Ó wá kù kó padà. Ìdí ń ro ó. Nítorí pátákó ti wà níbi tó yẹ, kò sí ẹlòmíràn lójú ọ̀nà, òun nìkan ló ni kìlómítà mẹ́sàn-án yẹn, omi lọ́wọ́ ọ̀tún, pápá lọ́wọ́ òsì. Roland bi í bó ṣe rí. Ó ní gbòǹgbò igi ti gbé ọ̀dà ojú ọ̀nà sókè níbi mẹ́ta, òmùgọ̀ ló fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló kù kí òun já sódò. Ó tún ní ẹsẹ̀ òun kò tíì kú.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó kù lọ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba agbègbè pé ẹnì kan ti ṣí pátákó ìjọba nípò. Nadège tì í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Ọkọ̀ padà wá pẹ̀lú pákó tuntun, àwọn èèyàn tún ń dúró, wọ́n tún ń wo fèrèsé, Edwige sì tún ń pariwo mọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ Lucien jáde, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun á sì pe ọ́fíìsì ìlú láti sọ ohun tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Nadège bẹ̀ ẹ́ kó gba iṣẹ́ alábòójútó ọ̀nà, ó kọ̀. Nadège ní nínú gbogbo òṣìṣẹ́ òun, kò sí ẹni tó ń yọ òun lẹ́nu tó o. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Edwige pè torí igi kan tó wó dí ọ̀nà. Ó ní òun ti fi ayùn gé e kúrò, òun kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ló gé e.