Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Lára Ògiri

Òórùn ọ̀dà tútù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, ti yàrá kan ní àdúgbò Cadjèhoun tí wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní funfun kí fídíò lè hàn lára rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní ilé ìwé ló ni iṣẹ́ náà. Fídíò ló fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà. Ó ń wá àwọn obìnrin tó mú ọmọrogùn lọ́wọ́ rìn láti ọjà Ganhi lọ́dún tí wọ́n ti ilé ìwé pa, tí wọn ò sì sinmi títí ìjọba fi ṣí i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ṣáájú wọn. Ó ti kú, kò sì sí ibi kankan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí orúkọ náà jáde nínú fídíò yìí.

Ètò ọmọ náà ni pé kí obìnrin kọ̀ọ̀kan dárúkọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó àbúrò wa ló tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi. Ó tún gèlè ṣe, ó ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló wà níwájú mi."

"Orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́, Màmá?"

"Háà! Kí n la ẹnu pe ọmọ ilé ọkọ mi lórúkọ? Ọmọ yìí, o fẹ́ kí wọ́n lé mi padà sílé bàbá mi lọ́jọ́ ogbó ni?"

Láti ọjọ́ tó ti wọlé wa ló ti fún ẹ̀gbọ́n mi ní orúkọ yẹn. Kò yí i padà, kódà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sanra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn sémíjàn fi ń wo táyà ọ̀kadà wọn kí wọ́n tó gbé e.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì nígbà náà, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò lè bá ènìyàn tún ṣe. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ orúkọ náà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ fídíò.

Ìyàwó wa yíjú sí mi. "Akọ̀wé mi," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?"

Kétu ni mo ti ń ṣe tísà lọ́dún tí wọ́n rìn. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí yàrá náà fún àwọn ènìyàn, ojú ìyàwó wa yọ lára ògiri, ó tóbi bí ilẹ̀kùn. "Orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́, Màmá?" Kí ó tó fèsì, mo ti dìde. "Ọláyinká!" Èmi tí mi ò jẹ́ kí ọmọ kankan sọ̀rọ̀ láìnawọ́ sókè! Àwọn ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn gbà á lẹ́nu mi: "Ọláyinká! Òun ni!" Ìyàwó wa, tó jókòó tì mí, fi ìborùn bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò pè é.

Wọ́n ti gbé fídíò náà lọ sí ìlú púpọ̀ báyìí, láìsí Ọláyinká nínú rẹ̀. Nílé, ìyàwó wa nìkan ló ṣì ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà mìíràn, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí n lè gbọ́ ọ.